Ẹ Má Fi Í Sílẹ̀ fún Bàbá

Ọkọ mi, Ọládẹ̀jọ, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, bàtà onírin ló sì ń wọ̀ ṣeré ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín títí ó fi sú mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n ń jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń fi ìjọba ilé ṣe àríyànjiyàn. Tèmi gbé ọ̀pá gígùn dání, ó wà lórí yìnyín, ó ń lé rọ́bà dúdú kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìdérí agolo mílíìkì lọ.

Họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ń pe eré náà. Ẹni tó bá ti mọ bọ́ọ̀lù ti mọ ọ́n tán: ikọ̀ méjì, àwọ̀n méjì, aṣọ́lé kan níwájú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá rọ́bà yẹn, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, òtútù rẹ̀ sì ń wọ egungun. Èmi tí mo kàn jókòó wòran, jáákẹ́ẹ̀tì méjì ni mò ń wọ̀, màá wé ìborùn mọ́ etí, màá sì gbé fúláàsì tíì onígínjà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Alimat ni orúkọ mi. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní National Harbor ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Bí aṣọ bẹ́ẹ̀dì bá wọ́ díẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra. Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀ ọkọ mi bí ẹni pé mo fẹ́ bá a jà, ẹ má gbà á sí ìjà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an ni.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ló rí, ní pápá yìnyín kan tí kò jìnnà sí ibi tí à ń gbé báyìí. Ó ń gbálẹ̀, ó ń wo àwọn òyìnbó tó ń sáré lórí yìnyín, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bridget tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ lónìí, tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn. Òun ló yá a ní bàtà onírin. Ọládẹ̀jọ ṣubú títí kò fi lè jókòó jẹun mọ́, ó tún dìde, ó tún ṣubú. Nígbà tí èmi fi máa dé láti Ìbàdàn, ó ti wà nínú ikọ̀ àwọn òyìnbó, ó sì ń gbá góòlù wọlé fún wọn. Góòlù gidi ni, mo fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ń gbá a lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi èjìká tì í mọ́ ògiri, òun náà ń dá a padà fún wọn. Ibẹ̀ ni eyín iwájú rẹ̀ kan lọ sí. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ṣe é fún un ni. Bó bá ti rí àlejò tuntun nínú ilé wa, á yọ ọ́ síta fún un wò kí n tó gbé omi dé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́.

Ìgbà tó yá, ọjọ́ ogbó dé bá àwọn òyìnbó yẹn. Orúnkún dá eléyìí dúró, ẹ̀yìn dá tọ̀hún dúró, àwọn yòókù kó lọ sí Florida. Ọkọ mi nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó ti wá ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Upper Marlboro, ó sì lè fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ sinmi, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ọmọ Yorùbá jọ. Ibi tí a ti ń ra gàrí ní Adelphi ló ti rí Adédàpọ̀, ẹnjiníà tó sanra dáadáa. Ó wò ó láti òkè délẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ní irú ara báyìí máa dí àwọ̀n, ó sì sọ ọ́ di aṣọ́lé. Dámiláre náà dé láti wá kàwé ní College Park, kò ríbi gbé, ó sùn sí ìsàlẹ̀ ilé wa títí ọkọ mi fi bá a wá yàrá ní Adelphi. Kí n tó ra kóòtù òtútù fún ọmọ yẹn, ọkọ mi ti ra bàtà onírin fún un. Báyìí ni wọ́n ṣe pọ̀ tó ikọ̀ méjì. Ọkọ mi wà ní ikọ̀ Adelphi. Adédàpọ̀ àti Dámiláre wà ní ikọ̀ Harbor.

Ẹ wá wo nǹkan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Harbor á jáde pẹ̀lú akoto lórí àti aṣọ tó wú bí ìrọ̀rí, wọ́n á yípo wá sọ́dọ̀ ọkọ mi, wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín. Ìdọ̀bálẹ̀ Dámiláre ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, torí bó bá ti dọ̀bálẹ̀, á máa yọ̀ lọ ni, títí akoto rẹ̀ á fi kọlu bàtà ọkọ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí rẹfirí, òyìnbó kan báyìí, rí wọn, ó rò pé àìsàn ló kọlu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ń sáré lọ pe áḿbúláǹsì.

Eré á bẹ̀rẹ̀. Bí rọ́bà bá ti dé ọwọ́ ọkọ mi, ọ̀nà á là. Dámiláre tó ń dojú kọ àwọn yòókù bí ẹni tó gbàgbé ẹ̀wà síná, tó bá ti rí ọkọ mi, á rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Adédàpọ̀ á la ẹsẹ̀ méjèèjì, rọ́bà á gba àárín rẹ̀ kọjá. Góòlù. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún ọkọ mi ní ife ẹ̀yẹ ẹni tó gbá góòlù wọlé jù, ife yẹn sì ti kún orí tẹlifíṣọ̀n wa débi pé mi ò ríbi gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa sí. Èmi tí mi ò mọ òfin eré, mo rò pé òfin ni. Mo rò pé bí èèyàn bá ti kọjá ọgọ́ta ọdún, wọn kì í gba rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ìjókòó sílẹ̀ fún àgbàlagbà nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún yìí, Bridget wá sọ pé wọ́n máa gbé jẹ́ẹ̀sì ọkọ mi kọ́ sára ògiri pápá náà ní Sátidé tó kẹ́yìn eré ọdún. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ló pẹ́ jù lórí yìnyín ibẹ̀, òun náà ló sì gbá góòlù wọlé jù. Inú Ọládẹ̀jọ dùn débi pé kò lè sùn dáadáa. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn, Ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù, àwọn tó tọ́ ọ dàgbà, àwọn náà sọ fún gbogbo agboolé. Bí a bá sì ti dé pápá, ọkọ mi á lọ dúró níwájú ògiri tí wọn ò tíì gbé nǹkan kan kọ́ sí, á máa wò ó. Mo ní kí ló dé, ó tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti wo èmi báyẹn. Ó ní kí n má da òun láàmú.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn kí Zoe tó dé. Ọmọ Adédàpọ̀ ni, ó ń kàwé ní yunifásítì lọ́nà jíjìn, ìsinmi ló gbé e wálé. Láti kékeré ló ti ń gbá họ́kì nílé ìwé. Ìbàdí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Harbor yọ, wọ́n bá fi Zoe rọ́pò rẹ̀. Ibí ni wọ́n bí i sí, Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti oúnjẹ lọ. Nígbà tí àwọn yòókù dọ̀bálẹ̀ lórí yìnyín, òun juwọ́ sí ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Hi, Uncle." Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìfẹ́ yẹn kò pẹ́. Rọ́bà dé ọwọ́ ọkọ mi, ó gbéra bó ṣe máa ń gbéra, ó ń mi èjìká, ó ń rọra lọ. Zoe wá láti ẹ̀gbẹ́, ó ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, rọ́bà ti lọ. Mo dìde dúró. Mo ní ṣé wọn ò sọ òfin fún ọmọ yìí ni? Kò pẹ́, ó tún gbà á. Nígbà tó tún gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún yí ọkọ mi po kó tó lọ. Adédàpọ̀ tó wà lẹ́nu àwọ̀n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ká ìbòjú rẹ̀ sókè, ó pariwo sí ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá tí ọmọ náà kò gbọ́, àmọ́ tí gbogbo wa gbọ́ ketekete.

"Zoe, fi í sílẹ̀ fún bàbá! Gbogbo wa la máa ń fi í sílẹ̀ fún bàbá!"

Ọkọ mi dúró láàárín yìnyín. Ó wo Adédàpọ̀, ó wo Dámiláre. Dámiláre tẹ orí ba, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọkọ mi fi ọ̀pá rẹ̀ rọra ti ara rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jáde, kò bá wọn parí eré ọjọ́ náà.

A wọ ọkọ̀. Ó wakọ̀ kọjá ibi tó yẹ ká ti yà, èmi ni mo sọ fún un pé ilé wa ti wà lẹ́yìn. Nígbà tí a délé, ó kó àwọn ife ẹ̀yẹ yẹn kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó tò wọ́n sílẹ̀ nígun pálọ̀, ó sì yí wọn kọjú sógiri. Mo gbé ẹ̀wà àti dòdò síwájú rẹ̀. Dòdò ni ọkọ mi kì í fi ṣeré, ó sì jẹ́ kó tutù. Ó wá gbójú sókè.

"Alimat, nínú gbogbo rẹ̀, èwo ni tèmi?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Eyín yẹn, tìẹ ni." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Adédàpọ̀ àti Dámiláre wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Adédàpọ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ ìdérí ẹnu rẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé àwọn ń fi ẹ̀gbọ́n àwọn ṣẹ̀sín, ó ní ọ̀wọ̀ ni, ó ní ọmọ tí wọ́n bí dáadáa wo ló máa gbá ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mo ní kó jókòó kó mu omi. Dámiláre kò kúrò nílẹ̀.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ fún mi níbi tí mo sùn sí," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ dì mí lọ́wọ́ mú tí mi ò fi ṣubú lórí yìnyín. Ọwọ́ wo ni mo wá fẹ́ fi já nǹkan gbà lọ́wọ́ yín?"

Èmi gan-an ò mọ èwo ni kí n gbè lẹ́yìn nínú wọn, torí òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Nígbà tí ọkọ mi máa sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ó ní òun gbọ́, òun sì dúpẹ́. Ó ní àmọ́ àwọn òyìnbó tí òun bá gbá a nígbà èwe, wọ́n ń gbé òun ṣubú, wọ́n yọ òun léyín, torí wọ́n mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ó ní àwọn kàn ń yí òun po bí wọ́n ṣe ń yí àga po nínú pálọ̀ ni. Ó ní láti gbogbo ọdún yìí wá, òun rò pé òun ń bá wọn ṣeré, àṣé ara òun nìkan ni òun ń bá ṣeré.

Ó wá pàṣẹ. Ó ní wọn ò ní gbé jẹ́ẹ̀sì kankan kọ́, àfi bí àwọn bá gbá eré Sátidé tó ń bọ̀, tó kẹ́yìn ọdún, lóòótọ́. Bí òun bá gbá góòlù wọlé tí kò ní àbùlà, kí wọ́n gbé e kọ́. Bí òun ò bá rí i gbá, kí ògiri wà lófo. Ó ní ẹni tó bá tún fi rọ́bà sílẹ̀ fún òun, kó má wá jẹun nílé òun mọ́. Mo fi kún un pé èmi ni mò ń se oúnjẹ náà, mo sì fara mọ́ ọn.

Sátidé yẹn pé. Ọkọ mi ti ní kẹ́nikẹ́ni má dọ̀bálẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò bá rí wọn bí wọ́n ṣe rògbà yí i ká bí ewúrẹ́ tí òjò pa. Àwọn kan tẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún nà. Dámiláre lóṣòó sílẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ń so okùn bàtà tó ti so dáadáa. Bridget jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, jẹ́ẹ̀sì náà wà lórí itan rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a dáadáa, àkàbà sì ti wà lára ògiri.

Zoe gba rọ́bà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Àwọn yòókù gbìyànjú, àmọ́ ara wọn ò gbà. Ọ̀kan sọ fún un pé, "Ẹ má bínú, sà," kó tó na ọ̀pá sí i, kó tó sọ ọ́ tán, ọkọ mi ti kọjá. Òmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ojú tì í, ó dá a padà. Rẹfirí ń mi orí. Mò ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi sí Zoe, mo tún ń gbàdúrà pé kí ọkọ mi rí ẹyọ kan ṣoṣo gbá, kí gbogbo rẹ̀ lè parí. Dámiláre ló burú jù nínú wọn. Ó kàn ń yípo lọ́ọ̀ọ́kán ni, kò dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi rárá.

Eré ti fẹ́ parí nígbà tí rọ́bà ṣèèṣì yọ sí iwájú ọkọ mi. Zoe wà lọ́nà jíjìn. Adédàpọ̀ nìkan ló kù níwájú. Ọkọ mi fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ sáré. Mi ò tíì rí i kó sáré báyẹn láti ọdún tí a bí Mobáyọ̀, ọmọ wa. Mo rí Dámiláre tó yíjú lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí ojú ọmọ yẹn láàárín irin akoto, ó dà bí ojú ẹni tó fẹ́ gbé àgbo kíkorò mì. Ó dijú, ó sáré, ó fi èjìká gbá ọkọ mi láti ẹ̀yìn.

Ọkọ mi gbéra nílẹ̀. Àyà ló fi balẹ̀, ó sì yọ̀ lọ gbọọrọ.

Mo ti dé ìsàlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Fúláàsì wà lọ́wọ́ mi, mo ti ṣí i, bí kì í bá ṣe gíláàsì tó wà láàárín wa ni, orí Dámiláre ni tíì yẹn ì bá dà sí. Òun náà ti ju ọ̀pá rẹ̀ nù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, ó ń sunkún, ó ń pe Dádì, Dádì. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan ṣubú, ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, rẹfirí kò mọ èwo ló fara pa. Mo wá rí i pé èjìká ọkọ mi ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ó yí padà, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó la ẹnu. Ẹ̀rín ló ń rín. Eyín tí wọ́n ṣe fún un ti fò jáde, àlàfo yẹn sì ṣí sílẹ̀ bíi ti àtijọ́.

"Dámiláre," ó ní, "o gbá mi!"

Pẹ̀nátì ni rẹfirí fún un. Nínú eré náà, bí wọ́n bá gbá èèyàn ṣubú láti ẹ̀yìn níbi tó ti dojú kọ aṣọ́lé nìkan, wọ́n á jẹ́ kó gbá a, òun àti aṣọ́lé yẹn nìkan. Dámiláre fà á dìde. Ọkọ mi rọra lọ sọ́dọ̀ Adédàpọ̀ ná, ó bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Adédàpọ̀ ló sọ ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà: bí o bá la ẹsẹ̀ fún mi, àbúrò, má fi ìgbéyàwó Zoe lọ̀ mí, mi ò ní wá.

Bridget di ọwọ́ mi mú. Ọkọ mi padà sẹ́yìn, ó gbéra, ó mi èjìká sápá ọ̀tún, ó gbá a sí ìsàlẹ̀ lápá òsì. Ó gbá a dáadáa. Bó bá jẹ́ ti ọdún tó kọjá ni, ó ti wọlé. Adédàpọ̀ wó lé e lórí pẹ̀lú gbogbo ara tó ní, rọ́bà náà sì há sábẹ́ ikùn rẹ̀.

Kò wọlé. Eré parí, ọkọ mi kò gbá góòlù kankan. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Adédàpọ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń ní kí ẹ̀gbọ́n òun dárí ji òun. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó fẹ́ gbé e dìde, kò lè gbé e, Zoe ló wá bá a gbé e. Eré ti tán, kò sì sí òfin mọ́, ni gbogbo àwọn ọmọ Harbor bá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Zoe wo bàbá rẹ̀, ó wo àwọn yòókù, ó fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀.

Bridget gbé jẹ́ẹ̀sì náà wá bá a. Ó ní àwọn góòlù ìgbà èwe rẹ̀, òun wà níbẹ̀, òun rí wọn, wọ́n tó kọ́ sógiri. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó sọ àkàbà kalẹ̀, aṣọ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń gbé kọ́, òun sì máa lo tòun. Ó jù ú sí mi láti òkè gíláàsì, ó ní kí n bá òun fọ̀ ọ́ kó tó di eré ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ wá eyín rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ó nà sórí àga gígùn, kò lè tẹ̀. Dámiláre jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ di yìnyín, ó ń fi tẹ ìbàdí rẹ̀. Mò ń dín dòdò lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù ni láti Ìbàdàn, gbogbo agboolé kó orí jọ sínú fóònù lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní góòlù mélòó ni àbúrò àwọn gbá wọlé, ṣé wọ́n ti gbé aṣọ rẹ̀ kọ́.

Ọkọ mi ní kò sí o, Ẹ̀gbọ́n, òun ò gbá ẹyọ kan. Ó ní wọ́n gbé òun ṣubú ni, àyà ni òun fi balẹ̀, eyín òun fò. Ohùn tó fi sọ ọ́, ẹ ó rò pé wọ́n fi oyè dá a lọ́lá ni. Ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù fi ariwo bọnu. Wọ́n ní irú ọmọ wo nìyẹn tí á gbá àgbàlagbà ṣubú, wọ́n ní ta ló bí i, ṣé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni?

Ọwọ́ Dámiláre dúró lórí yìnyín yẹn. Ọkọ mi yí fóònù sí i kí gbogbo agboolé lè rí i dáadáa.

"Ọmọ mi ni," ó ní.